Láti ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin Kano dé ọjà Aba: Ìtàn bùútù awọ tí wọ́n ń tún ṣe kó lè bá ẹsẹ̀ mu

Bí ẹ bá ń gbé ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ìró yẹn rí láàárọ̀: kó-kò-kó, kó-kò-kó.

Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ló ń kọjá lọ. Ó gbé àpótí igi kọ́ èjìká, ó sì ń lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí bàtà rẹ̀ ti já lè mọ̀ pé òun ti dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ Àríwá Nàìjíríà ni. Àwọn ará àdúgbò á máa pè é ní "Mallam" tàbí "Abókì", láì bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpótí náà kò pọ̀: òwú líle, irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró tó fi ń lu awọ, gọ́ọ̀mù, kíwì dúdú àti pupa, àti awẹ́ táyà ọkọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé bùútù tó ga dé orúnkún fún un, ó lè gé e kúrú dé ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó bá fún yín ní ojúgun, yóò là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì fi awọ mìíràn kún un. Èyí tó bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, táyà ni yóò fi rọ́pò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ aláìní. Ṣùgbọ́n agbègbè tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ti wá ti ń ṣe awọ tí wọ́n ń wá kiri lókè òkun, kí òyìnbó kankan tó tẹ ilẹ̀ Hausa. Orúkọ ẹlòmíràn ni awọ náà ń jẹ́ nígbà tó bá dé ọ̀hún.

Bàtà ìyẹ́ ògòǹgò láàfin Kano

Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1908, sọ pé Muhammadu Rumfa, tó jọba láàárín 1463 sí 1499, ló kọ́kọ́ lo bàtà tí wọ́n fi ìyẹ́ ògòǹgò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nílùú náà. Yorùbá ní ògòǹgò lọba ẹyẹ, ó sì jọ pé èrò àwọn ará Kano kò jìnnà sí tiwa. Títí di òní, bàtà ìyẹ́ ògòǹgò ṣì wà lára ohun oyè Emir Kano.

Ìyẹn ni pé ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ èèyàn ti ń sọ ipò rẹ̀ ní Kano.

Awọ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ kan wà tó gbilẹ̀ ní agbègbè Sokoto àti Maradi, irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ara rẹ̀ kò tóbi. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì le, kì í ya bọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe awọ kò fi í ṣeré.

Majema ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ní ilẹ̀ Hausa. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ rí, òórùn rẹ̀ kò ní tètè kúrò nímú rẹ̀. Wọ́n á rẹ awọ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ fá a. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ ẹyẹlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìgbẹ́ ẹyẹlé tí wọ́n pò mọ́ omi ló ń fọ agbára eérú kúrò lára awọ, tó sì ń jẹ́ kó rọ̀.

Èso igi bọ̀ọ̀nì, tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa, ló kàn. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́ omi, awọ á sì wà nínú rẹ̀ títí tí oje èso náà yóò fi wọ̀ ọ́ dénú. Oje yìí ni kì í jẹ́ kí awọ jẹrà mọ́. Òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ń pa á lẹ́yìn náà kó má baà gan.

Ti àwọ̀ pupa tí Kano fi lókìkí ńkọ́? Pòròpórò irú ọkà bàbà kan ló ń mú un wá, pẹ̀lú káún. Ẹ̀yin tó ń ra ewé ọkà bàbà lọ́wọ́ lẹ́kulẹ́ja láti fi se àgbo ẹ̀jẹ̀, ẹ ti rí pupa yẹn nínú ìkòkò yín.

Awọ Hausa, orúkọ Mòrókò

Ní ọdún 1851, Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Kano. Èèyàn tó fẹ́ràn ìṣirò ni. Ó jókòó, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń rà àti ohun tí wọ́n ń tà sílẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé lẹ́yìn aṣọ, sálúbàtà ló gba iwájú nínú ohun tí ọwọ́ àwọn ará Kano ń ṣe tó sì ń lọ sọ́nà jíjìn. Èyí tó dára jù nínú wọn kò ju 200 owó ẹyọ lọ, síbẹ̀ ó ṣírò rẹ̀ pé òwò sálúbàtà nìkan tó mílíọ̀nù mẹ́wàá owó ẹyọ. Ó tún rí i pé wọ́n ń kó awọ pupa ránṣẹ́ títí dé Tripoli, lẹ́yìn aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ohun tó ya Barth fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé àwọn aránbàtà Lárúbáwá kan ti wá jókòó sí Kano. Wọ́n ń fi awọ ibẹ̀ ṣe irú bàtà tí àwọn ará Àríwá Áfíríkà fẹ́ràn, wọ́n sì ń kó o padà lọ tà lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ wò ó: awọ ilẹ̀ Hausa, ìránṣọ Lárúbáwá, ẹsẹ̀ ará Tripoli.

Láti Àríwá Áfíríkà ni awọ yìí ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ di ẹ̀yìn ìwé, tí wọ́n sì ń fi ṣe bàtà. "Awọ Mòrókò" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹni tó ń rà á kò mọ̀ ju èbúté tó ti wá lọ. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ pọn ọ̀nà aṣálẹ̀ pẹ̀lú ràkúnmí, àti àwọn tó ń po ìgbẹ́ ẹyẹlé ní Majema, kò sí nínú orúkọ náà rárá.

Kí ló dé tí bùútù ẹlẹ́ṣin Hausa kò ní gìgísẹ̀?

Kì í ṣe sálúbàtà nìkan ni àwọn oníṣẹ́ awọ wọ̀nyí ń ṣe. Wọ́n ń ṣe bùútù fún ẹlẹ́ṣin, irú èyí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Yúróòpù ṣì kó pamọ́. Awọ rírọ̀ ni, ó gùn kọjá ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè ojúgun, wọ́n sì gé awọ pupa, dúdú, ewé àti ìyeyè wẹ́wẹ́ rán mọ́ ọn lára. Kò ní gìgísẹ̀ tó yọ jáde.

Ẹni tó mọ bùútù ẹlẹ́ṣin ti àwọn òyìnbó lè rò pé àìmọ̀ọ́ṣe ni. Rárá o.

Gìgísẹ̀ tó wà lábẹ́ bùútù òyìnbó, nítorí àlùkẹ́ńbù ni. Àlùkẹ́ńbù ni irin tí ẹlẹ́ṣin ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ti àwọn òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ń dúró lé e. Gìgísẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ kọjá sínú irin náà. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ kọjá tó sì há, tí ẹlẹ́ṣin wá ṣubú, ẹṣin á máa wọ́ ọ nílẹ̀ ni.

Àlùkẹ́ńbù ilẹ̀ Hausa àti Borno kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀ pẹrẹsẹ, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń jókòó lé e bí ẹni dúró sórí pákó. Ẹsẹ̀ kò ríbi yọ̀ gbà. Igun irin náà sì mú, òun ni wọ́n fi ń gún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi kẹ́sẹ́. Ohun tí ẹlẹ́ṣin nílò níbẹ̀ ni awọ tí yóò bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun kí irin má baà ha á, tí yóò sì rọ̀ tó láti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ibi tí irin wà. Gìgísẹ̀ á kàn máa dí i lọ́wọ́ ni.

Ti ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ náà kò ṣòro láti mọ̀dí. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀ nígbà tí ẹṣin ń kọjá, ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin ló súnmọ́ ojú rẹ̀ jù lọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé olówó tàbí olóyè ni òun, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó náwó sí.

Ẹ̀sìn náà tún kó tirẹ̀ sí i. Nínú Ìsìláàmù, ẹni tó bá ti ṣe àlùwàlá kó tó wọ bùútù awọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, lè fi ọwọ́ tútù pa á lórí nígbà tí àkókò ìrun mìíràn bá tó, láì bọ́ ọ láti fọ ẹsẹ̀. Huffi ni àwọn Hausa ń pe irú ìbọ̀sẹ̀ awọ bẹ́ẹ̀, láti inú èdè Lárúbáwá. Ní ìlànà Máàlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, awọ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin lè ki ẹsẹ̀ tòun ti ìbọ̀sẹ̀ awọ rẹ̀ bọ sálúbàtà kó tó rìn nínú eruku.

Fún arìnrìn-àjò tó ń gun ẹṣin la inú ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, tí omi inú ìgò awọ rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ tí òyìnbó múra, tí ẹnikẹ́ni kò wò ó

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ìwé Hugh Clapperton, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Kano ní oṣù Kìn-ní-ní ọdún 1824. Ó kọ ọ́ pé òun gbé aṣọ ọmọ ogun ojú omi òun wọ̀, òun múra dáadáa, òun sì wọ ìlú. Kò sẹ́ni tó yíjú wò ó. Oníkálukú wà lẹ́nu òwò rẹ̀.

Kano ti rí àlejò rí. Ìlú tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti ń wọ aṣọ ogun onípele tí wọ́n ń pè ní lifidi, tí wọ́n sì ń da irú rẹ̀ bo ẹṣin wọn, kí ni bọ́tìnnì wúrà fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu?

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kano ní 1903, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin kò parẹ́. Àwọn amúnisìn tilẹ̀ sọ ọ́ di ohun àfihàn, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí wọ́n kó bọ̀ láti Íńdíà: Durbar. Wọ́n ṣe é ní Kano ní 1925 fún ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe é ní Kaduna ní 1956 fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Wọ́n tún ṣe é ní Kaduna nígbà àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Hawan Sallah ni àwọn ará Kano fúnra wọn ń pe tiwọn.

Bí ẹ bá wo fọ́tò Hawan Sallah òde òní, ẹ fi ojú sílẹ̀ lára láwàní àti agboòrùn, kí ẹ wo ẹsẹ̀. Ẹ ó rí bùútù awọ aláràbarà, ẹ ó rí bùútù dúdú tí ilé iṣẹ́ ṣe, ẹ ó sì rí kánfáàsì. Ẹni tó bá fẹ́ fi bùútù ilé iṣẹ́ gun ẹṣin pẹ̀lú àlùkẹ́ńbù pẹrẹsẹ, ó lè gbé e lọ fún aránbàtà kó bá a gé gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi Durbar Kano kún àkójọ àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn ọlọ́pàá ti fòfin de ìwọ́de náà ní Kano nítorí ìjà oyè Emir, wọ́n sì tún fòfin dè é ní 2025. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin kò bá jáde, ta ni yóò gbé bùútù ọ̀ṣọ́ wá fún oníṣẹ́ awọ?

Bùútù ogun, bùútù òkìrìkà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kì í wọ bùútù bíi ti ọ̀gá wọn òyìnbó. Ẹsẹ̀ lásán tàbí sálúbàtà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń yan. Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ìyẹn padà, nígbà tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sínú igbó Burma.

Lónìí, bùútù wà káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òkìrìkà, èyí tí wọ́n mú orúkọ rẹ̀ láti ara ìlú Okrika ní ìpínlẹ̀ Rivers. Bùútù ilẹ̀ olótùútù ni: irun wà nínú rẹ̀, ó ga, ó wúwo. Kí ni èèyàn fẹ́ fi irun inú bàtà ṣe nínú oòrùn Maiduguri?

Aránbàtà á kọ́kọ́ fa irun yẹn yọ. Bí apá òkè bá ga jù, á gé e, á ká etí rẹ̀ wọlé, á rán an kó má baà máa ha ẹsẹ̀. Awọ tó gé kúrò kì í jù ú nù, òun ni yóò fi lẹ ibi tó ti ya lára bàtà ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ó fún ni, á fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ inú. Táyà ọkọ̀ ló wá kù. Ó lágbára, omi kì í wọ̀ ọ́, ìlà ara rẹ̀ sì ń di ẹrẹ̀ mú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, kì í sì í tètè ká. Ìdí nìyí tí aránbàtà tó gbọ́n fi ń gé e fẹ́lẹ́ níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bùútù. Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Bí kò bá fi abẹ́rẹ́ rán an yíká, òjò àkọ́kọ́ ni yóò tú u.

Ẹni tó bá ti sin ìlú rí mọ apá kan nínú ìtàn yìí. Láti 1973 tí ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bùútù ti wà lára ohun tí wọ́n ń retí kí ọ̀dọ́ fi yan lábẹ́ oòrùn. Kí ìpàgọ́ tó rinlẹ̀, àwọn tó ń rán bàtà ti tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà. Òwú funfun yíká etí àtẹ́lẹsẹ̀, ó parí.

Aba: bùútù wa, orúkọ ìlú wọn

Kò sí bí a ó ṣe sọ̀rọ̀ bàtà ní Nàìjíríà tí a kò ní dé Aba, ní ìpínlẹ̀ Abia. Nínú ọjà Ariaria, ní àwọn ìsọ̀ bíi Powerline, Imo Avenue àti Bakassi, àwọn ọ̀dọ́ ń gé awọ, wọ́n ń fà á mọ́ ẹsẹ̀ onígi, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rán an láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ iṣẹ́ nípa títú bàtà ẹlòmíràn palẹ̀. Wọ́n á ra bùútù òkèèrè kan, wọ́n á tú u wẹ́wẹ́, wọ́n á fi wẹ́wẹ́ náà gé pépà, wọ́n á sì ṣe tiwọn. Wọ́n á yí i padà díẹ̀: awọ fẹ́lẹ́ sí i, àtẹ́lẹsẹ̀ tó le sí i fún ọ̀nà wa. Ọmọ ogun Nàìjíríà pàápàá ti ra bùútù lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí bàtà bá parí, orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ sí i ni Italy. Àwọn oníbàárà ló fà á, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ "Aba-made" bú ọjà tí kò dára. Èmi kò lè dá aránbàtà náà lẹ́bi tán. Bùútù kan náà tí ẹ ó ná ní ìdajì owó tí ẹ bá gbọ́ pé Aba ni, ẹ ó san owó rẹ̀ pé pérépéré tí wọ́n bá ní Italy ni. Mòrókò ọjọ́sí ti di Italy.

Italy gan-an sì wà lára àwọn ibi tí awọ tí wọ́n ti ṣe tán ní Kano ń lọ. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kí wọ́n kó awọ tútù tàbí èyí tí wọn kò tíì ṣe parí jáde. Èyí tó ti parí lè lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣẹlẹ̀ pé aránbàtà Aba ń wá awọ gidi, nígbà tí awọ gidi wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ìyókù wà nínú ọbẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ tó wà ní Zaria, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yakubu, ní kí ìjọba ṣe òfin tí yóò dá pọ̀nmọ́ jíjẹ dúró kí iṣẹ́ awọ lè gbérí. Ariwo sọ káàkiri gúúsù. Ẹ̀yin náà lè rántí àwàdà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ohun kan wà tí àwàdà kò mẹ́nu bà: awọ màálù ni pọ̀nmọ́, òun náà ló sì yẹ kó jẹ́ awọ bùútù líle. Ti ewúrẹ́ ńkọ́? Ní Kano, wọ́n ń bó awọ ewúrẹ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, a ń fi iná sun irun rẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́ tòun ti awọ. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí Abókì bá bá yín fi táyà sí bùútù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó san owó, ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kù lára orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà. Ẹ wá bi ẹni tó jókòó ti àpótí rẹ̀ pé, kí ni orúkọ rẹ̀?